Ọmọ Igi Nínú Ọ̀dá

  Olóòtú ètò yìí ti sọ fún yín pé iṣẹ́ ìmọ̀ èdè ni mò ń ṣe ní yunifásítì. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, kí ni ó pa olùkọ́ èdè pọ̀ mọ́ igi yukalíptọ́ọ̀sì? Ọ̀rọ̀ méjì nínú èdè Yorùbá ni ó gbé mi dé ìdí igi náà. Ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní ni ọ̀dá. Èkejì ni gbòǹgbò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀dá. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ ní àsìkò tí ó yẹ kí ó rọ̀, a ó ní ọ̀dá dá. Bí owó bá tán lápò òṣìṣẹ́ nígbà tí oṣù ṣì kù púpọ̀, òun náà á ní ọ̀dá owó dá òun. Àwọn baba ńlá wa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe ohun méjèèjì, wọn kò sì ṣì í pè. Ẹni tí ọ̀dá owó dá kì í déédéé ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ ṣe, ó ní èyí tí í máa tẹ̀lé e, ó sì ní èyí tí kì í ṣe àfi bí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ igi tí ọ̀dá omi dá.

Ní ti gbòǹgbò, ẹ wo ibi tí a gbé wà. Onígbòǹgbò ni orúkọ ìlú yìí. Ìtàn bí ìlú ṣe gba orúkọ náà wà lẹ́nu àwọn onílùú. N kò ní gbà á sọ mọ́ wọn lẹ́nu. Ìhun ọ̀rọ̀ náà nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ mi: oní pẹ̀lú gbòǹgbò, ẹni tí ó ni gbòǹgbò, tàbí ibi tí gbòǹgbò wà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rí lónìí ni pé nígbà ọ̀dá, ọmọ igi tí ó jẹ́ onígbòǹgbò ni ó máa ń là. Èyí tí ó jẹ́ eléwé nìkan, bí ó ti wù kí ewé náà tutù tó, ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò kó o lọ.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn àwọn onímọ̀ igbó nìkan. Lọ́dọọdún ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ń gbin igi nígbà òjò. Láti ọdún 2008 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ya ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. A ó kọrin, a ó ya fọ́tò, a ó ka iye ọmọ igi tí a gbìn. Ṣùgbọ́n ta ni ó máa ń padà lọ ní oṣù kẹta ọdún kejì láti ka iye tí ó yè? Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igi ní oṣù keje, tí ó sì rí i pé ó ti di igi gbígbẹ ní oṣù kejì ọdún kejì, ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan, bí a kò tilẹ̀ kọ́ ọ. Ó ti kọ́ pé igi gbígbìn jẹ́ ayẹyẹ lásán. Ẹ̀kọ́ tí ó burú ni, àwa olùkọ́ sì ni a kọ́ ọ.

IBI TÍ IGI NÁÀ TI WÁ

Irú yukalíptọ́ọ̀sì tí ó wà láyé lé ní 700, ilẹ̀ Ọsirélíà sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orísun gbogbo wọn. Ní ọdún 1788 ni ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, L'Héritier, fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni ó so pọ̀, ìtumọ̀ wọn sì ni "èyí tí a bò dáradára", nítorí pé ìrudi òdòdó rẹ̀ ní ìdérí bí ìkòkò; ìgbà tí òdòdó bá fẹ́ là ni ìdérí náà máa ń ṣí bọ́ sílẹ̀. Òórùn rẹ̀ ni àwọn Haúsá wò ní tiwọn tí wọ́n fi ń pè é ní turare, èyíinì ni lọ́fínńdà.

Èyí tí a mọ̀ jùlọ ní ilẹ̀ gbígbẹ Nàìjíríà ni Eucalyptus camaldulensis. Ní Ọsirélíà, etí odò ni ibùgbé rẹ̀. Kókó ni èyí o, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igi aṣálẹ̀ ni. Igi tí ń wá omi kiri ni. Bí omi odò bá fà, gbòǹgbò rẹ̀ á tẹ̀lé omi náà lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Àwọn olùtọ́jú igbó kó o wá sí òkè Ọya nítorí pé ó ń yára dàgbà, ó ń di igi ìdáná, ó ń di igi àjà, ó sì ń di òpó iná mànàmáná. Nígbà tí a bá gé e, ìdí rẹ̀ a tún máa rú.

Bí a bá kúrò ní etíkun tí a ń lọ sókè, igbó ńlá yóò máa dín kù, ilẹ̀ ọ̀dàn yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn yìí kò jìnnà sí àwa Yorùbá rárá: Ṣakí wà nínú rẹ̀, Ìgbòho wà nínú rẹ̀, Ìlọrin sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ Ìkẹjà àti Agége ni ẹ ní oko baba níbẹ̀. Ọ̀dá tí ń dá lọ́hùn-ún kì í ṣe ìtàn ọ̀nà jíjìn fún yín.

BÍ OMI ṢE Ń RÌN NÍNÚ IGI

Kí a tó mọ ohun tí ọ̀dá ń ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tí omi ń ṣe. Ewé igi ní àwọn ihò tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀nà ihò wọ̀nyí ni afẹ́fẹ́ tí àwa ènìyàn ń mí síta ń gbà wọ inú ewé, tí ewé sì ń fi afẹ́fẹ́ náà, omi àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó ṣí fún afẹ́fẹ́ láti wọlé ti ṣí fún omi láti jáde. Bí oòrùn ti ń mú ni omi inú ewé ń di ooru, tí ó sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Igi kò lè jẹun kí ó má pàdánù omi.

Omi tí ó bá jáde lókè ni ó ń fa èyí tí ó wà nísàlẹ̀ gòkè. Omi inú igi so kọ́ra bí okùn tín-ín-rín, láti gbòǹgbò wẹ́wẹ́ títí dé ṣóńṣó ewé. Ewé ń fà, ilẹ̀ ń tú u sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí kò fẹ́ tú omi sílẹ̀ mọ́, tí ewé kò sì dẹ́kun fífà, okùn omi náà yóò já, afẹ́fẹ́ yóò sì wọ inú ọ̀nà omi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kànga tàbí ihò omi oníẹ̀rọ ní àdúgbò yìí mọ bí ó ti ń rí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọ inú páìpù, pọ́ǹpù lè máa ké láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní fa omi kankan wá. Ọ̀nà omi igi tí afẹ́fẹ́ bá wọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òkú ọ̀nà. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, igi náà kú.

Gbogbo ohun tí ọmọ igi ń ṣe nínú ọ̀dá, kí okùn omi yẹn má baà já ni ó fi ń ṣe é.

ÌGBÉSẸ̀ MÁRÙN-ÚN

Mo pín in sí ìgbésẹ̀ márùn-ún kí ó lè rọrùn láti kọ́ni. Wọ́n lè wọ inú ara wọn, kì í sì í ṣe gbogbo irú yukalíptọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe gbogbo wọn bákan náà.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ó ń dín ìnáwó kù. Gbòǹgbò ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń gbẹ. Kò dúró kí ewé rọ kí ó tó ké gbàjarè. Ó ń rán èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní abscisic acid gba inú omi gòkè lọ sọ fún ewé pé nǹkan kò rọgbọ mọ́. Nígbà náà ni ihò ewé yóò bẹ̀rẹ̀ sí padé, pàápàá ní ọ̀sán gangan. Omi tí ń jáde yóò dín kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ olè ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò pẹ̀lú: afẹ́fẹ́ tí ewé fi ń pèsè oúnjẹ kò wọlé dáradára mọ́. Bí ọ̀dá bá pẹ́, ebi yóò tẹ̀lé òùngbẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ó ń dáwọ́ ilé kíkọ́ dúró. Ẹni tí ọ̀dá owó dá kì í mọ ògiri tuntun. Ọmọ igi náà kò ní yọ ewé tuntun púpọ̀ mọ́. Èyí tí ó bá yọ yóò kéré, yóò sì nípọn. Ìdàgbàsókè ewé ti máa ń falẹ̀ kí a tó rí àmì rírọ kankan. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ń lọ lábẹ́ ilẹ̀ nígbà yìí o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dá, tí òkè ti dáwọ́ dúró, ìsàlẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Nínú oúnjẹ díẹ̀ tí igi rí pèsè, apá tí ó pọ̀ ni ó ń rán lọ sí gbòǹgbò kí ó lè máa wá omi lọ sí ìsàlẹ̀. Bí a bá wú ọmọ igi méjì, ọ̀kan tí a ń bomi rin lójoojúmọ́ àti ọ̀kan tí a ń dín omi rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, a ó rí i pé èkejì kúrú lókè, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀ ju bí ewé rẹ̀ ti mọ lọ. Ẹni tí ó ń wo òkè nìkan yóò ní kò dàgbà. Ó dàgbà, ibi tí a kò wò ni ó dàgbà sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ó ń tọwọ́ bọ àpò ìfowópamọ́. Ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ pé iyọ̀ tí a bá gbàgbé sílẹ̀ láìdé nígbà òjò yóò fa omi, yóò sì rin gbindin. Ọmọ igi mọ ọgbọ́n yìí. Ó ń kó ṣúgà àti àwọn èròjà mìíràn tí ó lè yòrò jọ sínú ara rẹ̀, kí oje ara rẹ̀ lè ki, kí ó lè fa omi, kí ó sì di èyí tí ó fà mú ṣinṣin. Nítorí èyí ni ewé kan yóò fi le gírígírí nínú ilẹ̀ tí ewé mìíràn ti rọ. Ọgbọ́n yìí ní ààlà, nítorí pé ṣúgà náà ni ì bá fi dàgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ó ń dín ẹnu tí ń jẹun kù. Ewé ìsàlẹ̀, tí ó ti gbó, yóò pọ́n, yóò sì wọ́ dànù. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá rí èyí, a ó ní igi ti ń kú. Rárá o. Igi náà ń gé owó tí ń jáde kí ó lè gba ọ̀mùnú orí rẹ̀ là.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ó ń sá lọ sí ìdí. Púpọ̀ nínú irú yukalíptọ́ọ̀sì ní kókó kan tí ń wú ní ìdí ọmọ igi, ní ibi tí igi àti ilẹ̀ ti pàdé. Àwọn ojú ọ̀mùnú tí ó fara pamọ́ wà nínú kókó yìí, oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí iná tàbí ọ̀dá bá pa gbogbo òkè igi, òjò àkọ́rọ̀ lè mú kí ìdí náà tún rú. Ṣùgbọ́n Eucalyptus grandis, tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ olómi, kò ní irú kókó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní "yukalíptọ́ọ̀sì ni mo gbìn" kò tíì sọ ohun tí ó gbìn. Ta ni bàbá rẹ̀? Ibo ni wọ́n ti mú èso rẹ̀ wá?

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo fẹ́ fún ẹ̀yin olùkọ́ ní àmì kan tí ó rọrùn. Bí ewé ọmọ igi bá rọ ní ọ̀sán, tí ó sì nàró padà ní alẹ́, igi náà ń ṣọ́wó ná ni. Bí ó bá jẹ́ pé ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ewé náà ṣì rọ, àpò ti gbẹ pátápátá nìyẹn. Kò sí omi tí gbòǹgbò lè rí fà mọ́ ní gbogbo òru. Ìdájí ni kí a máa bẹ igi wò.

OHUN TÍ ILẸ̀ Ọ̀DÀN FI KỌ́ NI

Ìwádìí lórí igbó ní orílẹ̀-èdè wa kì í ṣe ohun àná. Ọdún 1954 ni a dá ibùdó ìwádìí ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, òun ni ó di Forestry Research Institute of Nigeria. Ibùdó kan sì wà ní Samaru, lẹ́bàá Zaria, fún igi tí a ń gbìn sí ilẹ̀ ọ̀dàn. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin ni ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbẹ. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin láti ibẹ̀ ni mo fẹ́ mẹ́nu bà.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jẹ mọ́ ìran. Wọ́n kó èso Eucalyptus camaldulensis láti oríṣiríṣi ibi ní Ọsirélíà, wọ́n sì gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn tí ó ti Petford ní Queensland wá, àti àwọn tí ó ti Katherine ní Northern Territory wá, wà lára àwọn tí ó ṣe dáradára jùlọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní ìlú méjèèjì, ìgbà ooru ni òjò ń rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn gígùn a sì tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní òkè Ọya. Àwọn tí ó wá láti gúúsù Ọsirélíà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ nígbà òtútù, kò bá ilẹ̀ wa mu bẹ́ẹ̀. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ nínú ìwé. Ìṣe wọn yàtọ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì jẹ mọ́ koríko. Àwọn ọmọ igi tí a ro ìdí wọn mọ́ tónítóní yè, wọ́n sì ga. Àwọn tí a fi sí àárín koríko ràn. Koríko ní gbòǹgbò wẹ́wẹ́ púpọ̀ lókè ilẹ̀. Òun ni yóò kọ́kọ́ mu omi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ igi. Ọ̀dá tí koríko dá sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀dá tí ọ̀run dá sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta jẹ mọ́ èròjà ilẹ̀ tí a ń pè ní bórọ́ọ̀nù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣóńṣó orí àwọn igi kan máa ń kú láti òkè wá. Ẹnikẹ́ni yóò ní ọ̀dá ni ó pa á. Àwọn olùwádìí rí i pé bórọ́ọ̀nù ni ó wọ́n nínú ilẹ̀ náà, àti pé bí ilẹ̀ bá gbẹ, díẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ pàápàá kò lè bá omi gòkè. Ìwọ̀n díẹ̀ tí a fi sí ìdí igi nígbà tí a gbìn ín tó láti mú un bọ́. Ebi àti òùngbẹ máa ń wọ aṣọ kan náà.

Ẹ̀kọ́ kẹrin jẹ mọ́ ikán, tí ó fẹ́ràn láti jẹ ọmọ igi tí ọ̀dá ti rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà náà, wọ́n ń po oògùn aldrin àti dieldrin mọ́ iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá ọmọ igi. A kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Àdéhùn Stockholm ti ọdún 2001 ka àwọn oògùn méjèèjì mọ́ májèlé tí ayé ní láti pa tì, nítorí wọn kì í kúrò nínú ilẹ̀ àti nínú ara ènìyàn bọ̀rọ̀. Ohun tí ó kù fún wa ni kí ọmọ igi náà lágbára kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

BÍ A ṢE Ń MÚRA Ọ̀DÁ SÍLẸ̀

Èyí ni ó gbé wa dé ọgbà ìtọ́jú ọmọ igi, níbi tí mo ti ní a ti máa ń pinnu ìyè àti ikú. Yorùbá ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ẹ bá lọ ra ọmọ igi ní ẹ̀gbẹ́ títì, èwo ni ẹ máa ń yàn? Èyí tí ó ga jùlọ, tí ewé rẹ̀ tutù minimini. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ abẹ́ ìbòòji ni wọ́n ti tọ́ ọ, kí wọ́n sì máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò tíì kọ́ bí a ti ń ti ilẹ̀kùn ewé. Kò tíì fi oje pamọ́. Ewé rẹ̀ pọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ kéré. Ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni. Ẹ sì fẹ́ mú un lọ fún ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó lọ́ ọmọ igi, ó yẹ kí a ṣí ìbòòji orí rẹ̀ kúrò ní díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí a tó tún bu omi sí i. A kò ní jẹ́ kí ó rọ tán. A ó kàn jẹ́ kí ó tọ́ ọ̀dá wò. Ọmọ igi tí ó bá ti tọ́ ọ wò báyìí yóò ti gbé ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta kí ó tó dé oko.

Bákan náà ni kí a wo inú ọ̀rá. Ọmọ igi tí ó pẹ́ jù nínú ọ̀rá, gbòǹgbò rẹ̀ yóò máa yí po bí òṣùká. Bí a bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, yóò máa yí po lábẹ́ ilẹ̀ náà, kò ní lọ sí ìsàlẹ̀. Kí a gé ibi tí ó yí po, kí a sì ya ọ̀rá náà dànù pátápátá. Mo ti rí igi ilé-ìwé kan tí a wú lẹ́yìn tí ó kú, tí ọ̀rá dúdú ṣì wà ní ìdí rẹ̀ digbí.

Àsìkò ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà ni kí a gbìn, kí gbòǹgbò lè rí oṣù mélòó kan fi rìn kí ọyẹ́ tó dé. Bí a bá sì ń bomi rin ín, kí ó jẹ́ omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fàyè sílẹ̀ kí a tó tún ṣe é. Omi ìwọ̀nba tí a ń wọ́n lójoojúmọ́ kì í kọjá òkè ilẹ̀, gbòǹgbò náà kò sì ní rí ìdí tí yóò fi lọ sísàlẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ pé òjò pọ̀ ní Èkó, ọ̀dá kò kàn wá. Ìtàn ilẹ̀ tí a jókòó sí yìí yóò já wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, oko obì àti kòkó ni Agége. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà tẹ́ àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà dó. Láti ìgbà náà ni òrùlé páánù, kọnkéré àti ọ̀dà títì ti ń bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Òjò ńlá lè rọ̀ ní Onígbòǹgbò, kí gbogbo rẹ̀ sì gba gọ́tà lọ láàárín wákàtí kan, láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan dé ìdí igi tí a gbìn sínú ihò àárín kọnkéré. Igi bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀dá ní ìlú tí omi ti ń ya wọlé onílé. Ohun tí a wí nípa yukalíptọ́ọ̀sì, ẹ lè fi wo máńgòrò tàbí igi yòówù tí ó wà ní iwájú ilé-ìwé yín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ tọ́ ogún ọmọ igi ìran kan náà. Ẹ máa bomi rin mẹ́wàá lójoojúmọ́; ẹ dín omi mẹ́wàá kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ dáwọ́ omi gbogbo wọn dúró lọ́jọ́ kan náà. Ẹ máa wò wọ́n ní ìdájí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rọ sílẹ̀. Níkẹyìn, ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní gbòǹgbò wọn, kí ẹ wọn gbòǹgbò, kí ẹ wọn ewé. Ẹ̀kọ́ tí kò ná wa ju ọ̀rá àti iyẹ̀pẹ̀ lọ ni.

APÁ KEJÌ Ọ̀RỌ̀

N kò ní ṣe olóòótọ́ bí mo bá yin igi yìí tán tí n kò sọ àbùkù rẹ̀. Ohun tí ó mú ọmọ igi là nínú ọ̀dá ni ó lè sọ àgbà igi di ọ̀dá fún ẹlòmíràn. Gbòǹgbò tí ń wá omi kì í béèrè pé kànga ta ni.

Ní Mokobulaan, ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n gbin Eucalyptus grandis sí orí ilẹ̀ koríko ní ọdún 1969 ní ibi tí odò kékeré kan ti ń ṣàn. Ní ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀, odò náà gbẹ pátápátá. Nígbà tí àwọn igi náà pé ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n gé wọn lulẹ̀; síbẹ̀ ó tó ọdún márùn-ún sí i kí odò náà tó padà bọ̀ sípò. Ní ọdún 2009, ìjọba Kẹ́ńyà pàṣẹ pé kí a gé yukalíptọ́ọ̀sì tí ó wà ní etí odò àti orísun omi. Síbẹ̀, ní Addis Ababa, igi yìí kan náà tí a kó wọlé ní ìgbà Ọba Menelik Kejì, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ó gba ìlú tí kò ní igi ìdáná mọ́ là. Igi kan náà ni. Ibi tí a gbìn ín sí àti ohun tí a fẹ́ fi í ṣe ni ó yàtọ̀.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí a má gbìn ín sí ẹ̀bá kànga, etí odò tàbí àárín oko àgbàdo. Bí a bá ń wá òpó àti igi ìdáná ní ilẹ̀ ọ̀dàn, kí a ya ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, kí a sì mọ ìran tí a fẹ́ gbìn. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ilẹ̀ náà nílò ni èso, epo àti ìbòòji, ẹ̀mí àti igi irú ti wà níbẹ̀ kí yukalíptọ́ọ̀sì tó dé, ọ̀dá ilẹ̀ náà kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ọdún 2007 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà tẹ́wọ́ gba ètò igi gbígbìn láti dènà aṣálẹ̀ ní etí Sàhárà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò lè yọrí bí a bá ń fi iye ọmọ igi tí a pín yangàn. Iye tí ó bá la ẹ̀ẹ̀rùn méjì já ni kí a máa kà.

Mo fẹ́ fi ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí a jọ jókòó sórí ètò yìí, kí ìjíròrò wa lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Èkíní, ta ni ó yẹ kí ó máa bójú tó igi ilé-ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi, nígbà tí olùkọ́ àti ọmọ ti lọ sílé? Èkejì, ṣé ó tọ́ kí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan máa pín ọmọ igi fún àgbẹ̀ láìsọ ibi tí èso rẹ̀ ti wá? Ẹ̀kẹta, èyí tí ó kan èmi olùkọ́ èdè gan-an: a ní ọ̀dá, a ní ẹ̀ẹ̀rùn, a ní ọyẹ́, a ní lọ́, a ní rọ, a ní rú. Kí ni ó dé tí a fi ń dúró de èdè mìíràn kí a tó kọ́ àwọn ọmọ wa ní bí igi ṣe ń yè?

 Ọ̀rọ̀ di ti ìgbìmọ̀.